Igi Mẹ́sàn-án Ẹ̀yìn Ilé Glenys

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé Glenys Tranter kò kanlẹ̀ mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú koríko. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń fì dirodiro lófuurufú, iyanrìn tó gbé e dúró ti bá omi lọ. Glenys dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó wo ìsàlẹ̀, kò sì lè mu tíì náà. Láti òpó ilé tó kángun sí òkun títí dé ibi tí ilẹ̀ ti gé, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló kù. Lánàá, mọ́kànlá ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á.

Ọjọ́ kẹta rèé tí ìjì ti ń jà láti ìlà-oòrùn. Gbogbo Point Harrow ló mọ̀ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni omi máa kún dé góńgó, irú kíkún tí kì í wáyé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Bí ilé náà bá máa dúró, àfi kí wọ́n to àpò iyanrìn ńláńlá sí ẹsẹ̀ òkìtì etí òkun kó tó di aago mẹ́rin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé tí Des ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ lọ́dún méjìlélógójì sẹ́yìn, ilé pákó lórí òpó, á wọ inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọn ò ní òmíràn. Kò sì sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kankan tó máa ń dá èèyàn lóhùn bó bá jẹ́ pé òkun ló gbélé lọ.

Des fúnra rẹ̀ wà nínú yàrá ẹ̀yìn, lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí fèrèsé. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ apẹja kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a dùbúlẹ̀. Apá òsì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ kó jọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere, orí rẹ̀ sì pé. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, fèrèsé yẹn ló ń wò. Fèrèsé yẹn náà ló fa gbogbo ọ̀ràn.

Tẹ́lẹ̀, igi kasuarína mẹ́sàn-án ló dúró láàárín ilé náà àti òkun, igi gíga tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó máa ń mí kanlẹ̀ bí atẹ́gùn bá ti fẹ́. Coral Haddow, ọ̀rẹ́ Glenys, ló kó àwọn ọmọ iléèwé jọ láti gbìn wọ́n lọ́dún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, kí gbòǹgbò wọn lè di iyanrìn mú. Glenys ló po tíì fún wọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Des wá dùbúlẹ̀ tí kò gbójú kúrò lára fèrèsé, àánú rẹ̀ ṣe Glenys débi pé oorun dá lójú rẹ̀. Ọkùnrin tó lo ayé rẹ̀ lórí omi, igi ló wá dí i lójú. Ó dá a lójú pé òkun ni Des ń wá. Kò bi í. Ẹni tó bá ti bá èèyàn gbé fún ọdún mẹ́rìnlélógójì máa ń rò pé òun ti kọjá ẹni tó ń béèrè.

Ọjọ́ Sunday mẹ́ta ló fi ṣe é, lásìkò tí gbogbo ìlú wà níbi bọ́ọ̀lù. Ó mú dírílì Des, ó lu ihò sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ó rọ oògùn apakoríko sínú ihò, ó sì fi ìda àbẹ́là dí i lójú. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, igi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti pọ́n bí irin tó dípẹtà. Kánsù gé wọn kí wọ́n má baà wó pa èèyàn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni Des fi rí òkun. Lẹ́yìn náà ni kánsù ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá pa igi nítorí àtirí omi: wọ́n ri pátákó ràgàjì kan mọ́lẹ̀ síbi tí àwọn igi náà wà gan-an, ó fẹ̀ ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ, ó ga dé òrùlé, kí ẹni tó ṣe é má baà jèrè rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i níwájú àti lẹ́yìn pé: ẸNÌKAN PA IGI MẸ́SÀN-ÁN SÍHÌN-ÍN. BÍ O BÁ MỌ̀ Ọ́N, PÈ WÁ. Ó di ọdún méjì tí Des ti ń kà á lórí ibùsùn rẹ̀.

Ta ló máa fura sí obìnrin tó ń wẹ ọkọ tó ń ṣàìsàn? Nevio Bassani, aládùúgbò wọn, ni ìlú di ẹ̀bi rù. Orí àpáta ni Nevio kọ́ ilé alájà tirẹ̀ sí, katapílà ló fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, ó sì ti kọ̀wé sí kánsù rí pé ewé igi yẹn ń dí ojú ọ̀nà omi òrùlé òun. Ìyẹn ti tó. Kò sẹ́ni tó rántí pé láti yàrá òkè ilé rẹ̀, Nevio ti ń rí òkun lórí àwọn igi náà láti ọjọ́ tó ti kó débẹ̀. Wọ́n ju ẹyin lu ilẹ̀kùn rẹ̀. Nílé ọtí, bó bá jókòó, wọ́n á dìde. Iṣẹ́ dáwọ́ dúró, ìyàwó rẹ̀ sì kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Glenys ń wo gbogbo rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ó ń yan kéèkì ọlọ́sàn, ó ń gbé e lọ fún un lórí àwo aláwọ̀ búlúù kan. Ó ń pe ìyẹn ní inú rere. Orúkọ tó ń jẹ́ gan-an, kò fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Gbòǹgbò jẹrà nínú iyanrìn, iyanrìn tú, òkun sì rí ọ̀nà.

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, àwọn ará ìlú ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni Point Harrow ṣe máa ń ṣe: bí wàhálà bá dé bá ẹnìkan, gbogbo wọn á gbé ṣọ́bìrì. Èèyàn tó tó ogójì wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n ń wa iyanrìn kún àpò, àwọn ẹgbẹ́ adóòlà ẹ̀mí etí òkun sì ti gbé sítóòfù gáàsì sílẹ̀, wọ́n ń dín sọ́sééjì tí wọn yóò fi sáàárín búrẹ́dì. Coral ló ń darí wọn. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ohùn rẹ̀ sì ju ti ìjì lọ.

"Ẹ̀yin géńdé yìí, ṣé iyanrìn lẹ wá wà ni àbí sọ́sééjì?"

"Méjèèjì ni, Coral. Ẹni tí ebi ń pa kì í wa iyanrìn," ọ̀kan nínú wọn fèsì.

"Ebi wo? Ikùn rẹ nìkan tó àpò mẹ́ta. Dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí òkun kọ lù ọ́, ká máa lọ sílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Glenys náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé tíì kiri láàárín wọn, ìtìjú sì ń jẹ ẹ́ nínú bí ikán. Àwọn tó bá Coral gbin igi ló ń wa iyanrìn yìí, àwọn míràn nínú wọn jẹ́ ọmọ iléèwé lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.

Àpò kéékèèké ò lè dá òkun dúró. Àwọn ńlá tí kánsù fi ránṣẹ́ ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, ogójì àpò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo ju mọ́tò lọ bó bá kún. Katapílà nìkan ló lè gbé e. Omi ti bo afárá kan ṣoṣo tó wọ ìlú, katapílà kankan ò lè ti òdìkejì wá. Ẹyọ kan ló wà lápá ibí, ọgbà ẹni tó ni ín náà sì ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó láti gba ibẹ̀ dé etí òkun.

"Mi ò ní bẹ ẹni yẹn," ni Coral wí. "Òun ló pa igi. Òun ló fà á tá a fi wà níbí."

"Màá lọ bá a," Glenys dá a lóhùn. Kò lè wo ojú rẹ̀.

Nevio wà lẹ́yìn ọgbà rẹ̀, ó dúró ti katapílà náà, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, tó ti kọ́ láti máa wolẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàsán, Glen. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá."

"Jọ̀ọ́, Nevio. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló kù."

"Mo rí i. Láti aago márùn-ún ni mo ti bu epo sí i." Ó fa lẹ́tà kan yọ nínú àpò. "Kánsù ló kọ ọ́. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ igi yẹn bá ṣì wà nílẹ̀, bí katapílà mi bá fi lè kan òkìtì yẹn, wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Ohun kan ṣoṣo tó kù mí kù nìyẹn, Glen."

"Bí wọ́n bá fún ẹ láyè ńkọ́?"

"Kí wọ́n mú ẹni tó ṣe é, kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni màá fi débẹ̀." Ó ká lẹ́tà náà. "Ẹ má bínú sí mi. Gbogbo àdúgbò yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń kí mi. Nítorí yín ni mi ò ṣe kó lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Glenys lára ju ìjì lọ. Ó yí padà lọ.

Tamsin, ọ̀dọ́bìnrin tí kánsù rán wá, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò lára. Glenys ló máa ń dá ọkọ̀ dúró fún un kó lè sọdá títì nígbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó tẹ ọ̀gá rẹ̀ láago lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mi orí.

"Ẹ forí jì mí, Mísísì Tranter. Wọ́n ní fáìlì ọ̀rọ̀ igi ò tíì padé, ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ká ní ọwọ́ ti tẹ ẹni náà ni, àṣẹ pàjáwìrì ò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ."

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ilẹ̀ ya lẹ́yìn ilé. Irin ìsáṣọ Glenys tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó, ó sì lọ, pẹ̀lú aṣọ ìsùn Des méjì tó ṣì wà lórí rẹ̀. Gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ méjì àbọ̀ ló kù.

Glenys sáré wọlé lọ bá Des. Ó fẹ́ wọ̀ ọ́ ní kóòtù, kò sì rí ihò bọ́tìnnì.

"Wọ́n máa gbé ẹ jáde, Des. Bá mi na apá yìí."

"Ilé ńkọ́?"

"Wọ́n ń ṣe é. Àyè katapílà nìkan ni wọn ò tíì rí gbà."

 Des gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé ọwọ́ Glenys, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Glen. Sọ fún wọn."

"Kí ni kí n sọ?"

"Mo gbọ́ ìró dírílì mi. Sunday mẹ́ta. Mo mọ ìró ẹ̀."

Glenys jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ọdún méjì. Ọdún méjì ni ọkùnrin yìí fi ń ka pátákó yẹn, tí òun sì ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, tí òun ń bá a sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Èmi lo ṣe é fún. Kí ni mo fẹ́ wí?"

"Òkun lò ń wá, Des. Ojoojúmọ́ lò ń wo fèrèsé."

Ó mi orí díẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi wo òkun. Ó ti sú mi. Àwọn ayékòótọ́ dúdú yẹn ni mo ń wò. Wọ́n ń wá jẹ èso igi yẹn. Méjì. Takọtabo." Ó sinmi kó tó parí rẹ̀. "Mo ti sọ wọ́n lórúkọ."

Glenys ò sunkún. Ohun tó wà níkùn rẹ̀ kọjá ẹkún. Ó dìde, ó jáde síta, ó kọjá lára sítóòfù sọ́sééjì, ó lọ dúró sábẹ́ pátákó, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i. Ó mọ ohun tó máa ná an. Ó tún mọ̀ pé aago méjì ti fẹ́ lù, pé àfi katapílà yẹn, àti pé ohun kan ṣoṣo ló lè mú un wá.

"Tamsin, kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí. "Nevio kọ́ ló pa igi. Èmi ni."

Ṣọ́bìrì dáwọ́ dúró. Coral wá síwájú, iyanrìn dé orúnkún rẹ̀.

"Glen, kì í ṣe bó o ṣe máa rí katapílà gbà nìyẹn. Má parọ́ mọ́ ara ẹ."

"Irọ́ kọ́. Dírílì Des ni mo fi lu ihò. Oògùn apakoríko ni mo rọ sí i, mo fi ìda àbẹ́là dí i."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa ìda àbẹ́là náà àfi kánsù. Tamsin gbójú sókè, àwọn yòókù sì rí ojú Tamsin, ó sì yé wọn.

"Lọ́jọ́ tá a rí i pé wọ́n ti kú," Coral wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá, "ilé ìdáná rẹ ni mo ti sunkún. O po tíì fún mi. O ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Coral."

"Mo ju ẹyin lu ilẹ̀kùn ọkùnrin yẹn. Èmi, àgbà bíi tèmi. O sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

Coral gún ṣọ́bìrì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nu ọwọ́ méjèèjì lára ṣòkòtò, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde lọ sí títì. Kò bú u. Ìbá sàn kó bú u. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹlòmíràn lọ, lẹ́yìn ìyẹn ni méjì, lẹ́yìn náà ni wọn ò ṣeé kà mọ́. Ẹnìkan pa gáàsì, ó sì gbé sítóòfù lọ. Kí Tamsin tó sọ fóònù kalẹ̀, ṣọ́bìrì tó wà lórí iyanrìn ti ju èèyàn lọ.

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i," Tamsin wí. "Katapílà lè wọlé."

Nevio ti dúró lẹ́bàá ọgbà rẹ̀ látìgbà yìí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Glenys yíjú sí i, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

"Kéèkì yẹn," Nevio wí. "Gbogbo ọjọ́ Sunday." Ó yí padà, ó sì wọlé rẹ̀ lọ.

Ó parí nìyẹn, Glenys rò ó. Ó mú ṣọ́bìrì Coral, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa iyanrìn sínú àpò ńlá kan, òun nìkan, bí ẹni fẹ́ fi ṣíbí gbọ́n odò. Ó wà á títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Tamsin bọ́ aṣọ yẹ́lò rẹ̀, ó mú ṣọ́bìrì, ó sì wá dúró lódìkejì rẹ̀. 

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Katapílà náà gba inú ọgbà Nevio kọjá, ó wó ọgbà pákó lulẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí etí òkun. Nevio kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gbé àpò kìíní, ó tò ó. Ó gbé èkejì. Àpò ńlá mọ́kànlá ni àwọn ará ìlú ti wa iyanrìn kún kí wọ́n tó lọ. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, ó ti to gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá dúró, ẹ́ńjìnnì ń kùn, ó ń retí ìkejìlá. Glenys àti Tamsin ò tíì wa iyanrìn kún ìkejìlá náà dé ìdajì.

Igbi kan wá, ó gun orí àpò mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn wọlé. Òpó àkọ́kọ́ dún.

Nevio pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo òkìtì náà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Kò lè tó," ló sọ fún Tamsin. "Ẹ jẹ́ ká gbé Des."

Glenys ò dáwọ́ dúró. Ó ń wa iyanrìn. "Ó kù díẹ̀, Nevio. Ó kù díẹ̀ kó kún. Jọ̀ọ́ gbé e bó ṣe wà yìí." Tamsin ló gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

Nevio àti Tamsin fi àga onítáyà gbé Des gba ọgbà tó wó, wọ́n gbé e gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá òkè ilé Nevio, wọ́n sì gbé e síwájú fèrèsé gíga tó gba gbogbo ògiri. Kọ́tìnnì ò sí níbẹ̀. Nevio ta aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, ó bi í bóyá òtútù ń mú un, Des ní rárá. Ó po kọfí, ó gbé tirẹ̀ fún Des, ó gbé ti Tamsin fún un. Ó gbé ẹ̀kẹta sórí tábìlì, sápá ibi tí Glenys dúró sí, kò sì sọ pé kó mu ún.

Pátákó ló kọ́kọ́ lọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó dojú dé inú omi pẹ̀lú gbogbo ìwé ara rẹ̀, òkun sì hàn gbalaja láti fèrèsé yàrá Des, níbi tí kò sẹ́nì kankan tó ń wò ó. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, àwọn òpó ẹ̀yìn yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé náà jókòó, ó fẹ̀yìn tì, ó sì ya sí méjì níbi ilé ìdáná. Páànù òrùlé rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lórí omi kó tó rì.

Glenys di àga Des mú láti yí i padà.

"Fi mí sílẹ̀, Glen," Des wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó fi í sílẹ̀. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá títì, Coral dúró nínú òjò pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lábẹ́ abíyá, ó ń wo ibi tí ilé wà. Ó gbójú sókè, ó rí Glenys lójú fèrèsé, ó sì yí padà lọ.

Nígbà tí Tamsin ti lọ, Nevio ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó mú àwo aláwọ̀ búlúù ọjọ́ Sunday tó kọjá jáde, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti nù ún gbẹ. Ó gbé e lé Glenys lọ́wọ́.

"Àwo yín nìyí," ló wí. "Ẹ máa gbé e lọ sílé."

Nevio gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó sì yíjú lọ ti kọ́bọ́ọ̀dù. Glenys di àwo náà mú mọ́ àyà, ó dúró láàárín yàrá, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.